Ìràwọ̀ méjì ní ọdún 17: báwo ni a ṣe ń dá ẹ̀bùn ọ̀dọ́ mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà, ta ni ó sì ń tọ́ ọ dàgbà?

Awòran Maryland:

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mo gbé wá, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sá, kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní kíláàsì kọkànlá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Tackle ni, ìyẹn ni pé ó wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n máa ń dúró níwájú quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí ikọ̀ tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, láti dènà ẹni tó bá fẹ́ wó o mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ojú-òpó tó ń díwọ̀n àwọn ọmọ girama fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ kò ti jẹun dáadáa mọ́, nítorí ó gbà pé kò sí yunifásítì ńlá kan tí yóò tún yà sí ọ̀nà ilé òun.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí mo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi ni ti Olu Fashanu, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ wa níbí, tó ka girama ní Gonzaga ní Washington. Ó dé Penn State ní 2020, ó jókòó wo àwọn àgbà rẹ̀, ìdíje tí ó kọ́kọ́ wà lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni Outback Bowl ti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022. Nígbà tó di 2024, òun ni ẹni kọkànlá tí wọ́n mú nínú draft NFL, ìyẹn ìgbà tí àwọn ikọ̀ ọ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń yan àwọn ọmọ yunifásítì ní ìpele-ìpele, New York Jets ló mú un. Kò sí ẹni tó rí gbogbo ìyẹn lára rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni èyí: kí ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ń wò lára ọmọ kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, báwo sì ni òbí ṣe lè mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ dàgbà yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n kàn ti ń kó ọmọ jọ?

Akọ́ni Ìlà Iwájú:

Ẹ kú ìbéèrè, arákùnrin. Mo kọ́ àwọn ọmọ ìlà iwájú fún ọdún pípẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ohio, èyí tí ẹ béèrè yìí gan-an ni iṣẹ́ mi. Nínú gbogbo ipò orí pápá, ìlà iwájú wà lára èyí tó ṣòro jù láti díwọ̀n nígbà tí ọmọ wà ní girama, nítorí pé ara tí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù náà kò tíì sí lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù lè ti ní gbogbo eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 17. Ṣùgbọ́n tackle ní yunifásítì ńlá máa ń wọn nǹkan bíi 300 pọ́n-ùn, ọmọ girama tí a lọ wò sì lè máà ju 240 lọ.

Nítorí náà, egungun ni à ń wò kí a tó wo ẹran. A ó ní kó na apá rẹ̀ méjèèjì, a ó sì wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka. A ó wo bí ó ṣe ń tẹ orúnkún àti ìgbáròkó láìtẹ ẹ̀yìn ba, nítorí pé ẹni tí kò lè lọ sílẹ̀ kò lè ṣí ẹlòmíràn nídìí. A ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń fà sẹ́yìn, bóyá ẹsẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ síra wọn tàbí wọ́n ń kọsẹ̀ lára wọn. Àwa kan tilẹ̀ máa ń wo bàbá àti ìyá nígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún wa, kí a lè fojú bu ibi tí ọmọ náà yóò ga dé. Fídíò bọ́ọ̀lù nìkan a máa tanni jẹ, nítorí pé ọmọ ńlá kan lè máa gbá àwọn kéékèèké dànù ní àdúgbò tí kò ti sí ọmọ ńlá mìíràn, kí gbogbo ènìyàn sì máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n lọ wo ọmọ níbi tó ti ń gbá basketball, kí n rí bí ó ṣe ń yí padà ní àyè tóóró, tàbí níbi tó ti ń ja ìjàkadì, tàbí níbi tó ti ń ju irin.

Ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi tètè gòkè nínú eré yìí láìjẹ́ pé wọ́n bí wọn sínú rẹ̀ nìyẹn. Christian Okoye wá sí Azusa Pacific ní California láti ju discus, ọmọ ọdún 23 ni kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí rárá, síbẹ̀ òun ló gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù nínú NFL ní 1989. Prince Tega Wanogho kúrò ní ìpínlẹ̀ Delta, ó wá gbá basketball ní Alabama, Auburn sì sọ ọ́ di left tackle. Kì í ṣe àwọn ọmọ tiwa nìkan: tight end, ẹni tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà tó sì tún máa ń gba bọ́ọ̀lù, ni Robert Gallery nígbà tó dé Iowa, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ló fi oúnjẹ àti irin gbígbé sọ ọ́ di tackle, òun sì ni ẹni kejì tí wọ́n mú nínú draft 2004. Ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ yín: ìràwọ̀ mélòó ni ojú-òpó kan ì bá fún Okoye ní ọmọ ọdún 17 ní Enugu?

Onímọ̀ Ìṣirò:

Ọ̀rọ̀ Akọ́ni dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ìtàn ẹni mẹ́ta tó là má fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí kò là pamọ́ fún wa. Ẹnu àwọn ènìyàn kì í sinmi láti sọ pé àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta ló kún inú NFL. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta pọ̀ bí eṣú lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ọmọ 32 péré ni ojú-òpó 247Sports máa ń fún ní ìràwọ̀ márùn-ún, kí iye wọn lè bá ti àwọn tí wọ́n ń mú ní ìpele àkọ́kọ́ draft NFL dọ́gba. Bí a bá mú oníràwọ̀ márùn-ún kan àti oníràwọ̀ mẹ́ta kan láìmọ orúkọ wọn, ẹni àkọ́kọ́ ni kí olówó gbé owó lé.

Ti ikọ̀ lápapọ̀ tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníròyìn kan tó ń jẹ́ Bud Elliott ti ń ka èyí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: láti sáà 2011 títí dé sáà 2024, kò sí ikọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè tí kò jẹ́ pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ tó gbà láti girama ní ọdún mẹ́rin tó jẹ́ oníràwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Títọ́ ọmọ dàgbà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí Nick Saban jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama, wọn kì í tọ́ ẹni tí kò ti lágbára kó tó dé.

Àléébù kan ni mo rí nínú ìdíwọ̀n náà. Àwọn tó ń fúnni ní ìràwọ̀ máa ń wo ẹni tí àwọn yunifásítì ńlá ń lé kiri. Bí Georgia tàbí Ohio State bá fún ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kò ní pẹ́ tí ìràwọ̀ rẹ̀ yóò fi lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò sì tíì gbá ìdíje kankan láàárín méjì. Nítorí náà, ìràwọ̀ méjì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní lè túmọ̀ sí pé kò dára tó, ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹni tó yẹ kó wò ó kò tíì dé àdúgbò yẹn.

Ìyá Ọmọ Redshirt:

Àbúrò mi Awòran, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó lọ jẹun. Ìlà iwájú ni ọmọ tèmi náà, ó wà ní yunifásítì kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà tí n kò ní dárúkọ, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni títọ́ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í hàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Òfin fún ọmọ ní ọdún márùn-ún láti fi gbá sáà mẹ́rin. Ọdún tí kò gbá ni wọ́n ń pè ní redshirt, láti 2018 sì ni wọ́n ti gbà pé ó lè kópa nínú ìdíje mẹ́rin láìpàdánù sáà náà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá mọ ohun tó ń ṣe, ọdún ìjókòó ni. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ọdún iṣẹ́ ńlá ni: ọmọ yóò dìde ní ìdájí láti gbé irin, yóò jẹun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ lábẹ́ àbójútó onímọ̀ oúnjẹ, nígbà ìgbaradì yóò dúró ní ipò ọ̀tá tí ikọ̀ fẹ́ pàdé lọ́sẹ̀ náà, kí àwọn àgbà agbèjà lè fi í kọ́ṣẹ́. Wọ́n á gbé e ṣubú títí. Àsìkò yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń mọ ẹni tí yóò dìde lọ béèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi gbé e ṣubú, àti ẹni tí yóò pe ilé kó máa sunkún. Ọmọ mi pe ilé. Lẹ́yìn náà ló lọ béèrè.

Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin tó jókòó ní pálọ̀ mi, tó jẹ iyán mi, tó ṣèlérí pé òun ni yóò kọ́ ọmọ mi, ti gba iṣẹ́ sí ibòmíràn kí ọmọ náà tó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tuntun tó rọ́pò rẹ̀ fẹ́ irú ara mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo òbí pé kí wọ́n má ṣe béèrè nípa olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan. Kí wọ́n béèrè ọdún mélòó tí ẹni tí yóò kọ́ ipò ọmọ wọn gan-an ti lò níbẹ̀. Ìwọ náà wo Fashanu tí o mẹ́nu kàn: Phil Trautwein, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlà iwájú, dé Penn State ní 2020 kan náà, ẹnu ẹnì kan náà ni ọmọ yẹn sì ti ń gba ẹ̀kọ́ títí tó fi parí. Ní ìparí sáà 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ìpele àkọ́kọ́ draft ni yóò bọ́ sí, ó yàn láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún kan sí i. Ọmọ kì í padà síbi tí kò ti rí nǹkan kọ́.

Ọmọ Atlanta:

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ ti ayé àtijọ́ ni. Láti 2021 ni ọmọ ti lè yí yunifásítì padà lẹ́ẹ̀kan láìjókòó sílẹ̀ fún ọdún kan, ní 2024 wọ́n sì yọ òpin iye ìgbà kúrò bí ìwé ọmọ náà bá ṣáà dára. Kí ni ó dé tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò fi ọdún mẹ́ta tọ́ ọmọ girama, nígbà tó lè mú ẹni tó ti gbó láti inú transfer portal, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ yí yunifásítì padà? Akọ́nimọ̀ọ́gbá Curt Cignetti dé Indiana fún sáà 2024, ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ju mẹ́wàá lọ tẹ̀lé ara rẹ̀ láti James Madison níbi tó ti kúrò, Indiana tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí tẹ́lẹ̀ sì borí nínú ìdíje 11 lọ́dún yẹn.

Ọmọ náà sì lè fi portal tọ́ ara rẹ̀. Olusegun Oluwatimi bẹ̀rẹ̀ ní Air Force, ó lọ sí Virginia, ó wá parí rẹ̀ sí Michigan ní 2022, ó sì gba Outland àti Rimington, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ìlà tó dára jù, lọ́dún kan náà. Femi Oladejo jẹ́ linebacker, ìyẹn agbèjà tó ń dúró lẹ́yìn ìlà, ní California, ó lọ sí UCLA, wọ́n yí ipò rẹ̀ padà níbẹ̀ kó lè máa gbógun ti quarterback láti ẹ̀gbẹ́, Tennessee Titans sì mú un ní ìpele kejì ní 2025. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó síbi tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ta ni ì bá mọ̀ wọ́n?

Akọ́ni Ìlà Iwájú:

Dìde, ọmọ mi, àmọ́ wo ìtàn Oluwatimi tí o sọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbá sáà mẹ́ta gbáko ní Virginia kó tó lọ sí Michigan. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó ti mọ bí a ṣe ń ka ìtò agbèjà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, ó sì ti mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún àwọn mẹ́rin yòókù. Michigan gbé e dé orí òkè, Virginia ló sì gbé e kúrò ní àfonífojì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkẹyìn nìkan.

N kò sọ pé portal kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ títọ́ ọmọ kò pa rẹ́, ńṣe ni ó ṣí lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké, tí wọ́n ń ṣe é láìgba èrè rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí yunifásítì máa san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, títí dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àdéhùn yẹn kan náà fi 105 ṣe òpin iye agbábọ́ọ̀lù tó lè wà nínú ikọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti máa ń ní ju 120 lọ. Ta ni wọ́n lé dànù? Àwọn tó ń wá fúnra wọn láìgba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń pè ní walk-on. Inú wọn ni J. J. Watt ti jáde ní Wisconsin, lẹ́yìn tó ti jẹ́ tight end ní Central Michigan. Inú wọn ni Stetson Bennett ti jáde tó fi gba ife-ẹ̀yẹ méjì fún Georgia. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo àyípadà wọ̀nyí, ju ọ̀rọ̀ owó lọ, nítorí pé àwọn ọmọ tí ojú tètè fò ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ti Onímọ̀ Ìṣirò pẹ̀lú. Òǹkà náà kò mọ̀ ju ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Odafe Oweh ti Penn State kò wó quarterback kankan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà ní gbogbo sáà 2020, òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, Baltimore Ravens mú un ní ìpele àkọ́kọ́ ní 2021. Ẹni tó bá wo fídíò rẹ̀ yóò rí i pé ó ń dé ọ̀dọ̀ quarterback, bọ́ọ̀lù ni ó ń tètè kúrò lọ́wọ́ ẹni náà, àti pé eré ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a ń rí lára ènìyàn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní girama ní Blair Academy ní New Jersey, òun ni David Ojabo rí tí òun náà fi gbìyànjú bọ́ọ̀lù yìí. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí Ojabo, Scotland ló ti dàgbà, basketball àti eré sísá ló sì bá dé Amẹ́ríkà. Ó lo ọdún méjì ní Michigan tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún kẹta, sack 11 ni ó ní, ìyẹn ni pé ó wó quarterback mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà nígbà 11.

Onímọ̀ Ìṣirò:

Mo gbà. Mo sì fi ti quarterback kún un, níbi tí àṣìṣe ìdíwọ̀n ti máa ń tóbi jù: Josh Allen kúrò ní girama ní Firebaugh ní California láìsí yunifásítì kan tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó lọ sí Reedley College fún ọdún kan, Wyoming gbà á lẹ́yìn náà, ó sì jẹ́ ẹni keje nínú draft 2018. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ńṣe ló ń ga sí i tó sì ń sanra sí i lẹ́yìn girama. Ara rẹ̀ ló pẹ́ dé, ìdí tí wọ́n fi fò ó nìyẹn.

Awòran Maryland:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an. Ọmọ náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 4, ó wọn 255 pọ́n-ùn, ó ń ju irin ní ìgbà ìrúwé, ó sì ń gbá basketball, àmọ́ bàbá rẹ̀ fẹ́ kó fi méjèèjì sílẹ̀ kó lè máa jẹun kó sì sanra. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló ti bá wa sọ̀rọ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ńlá, wọ́n ní kó wá bí walk-on, àwọn á rí ohun tí àwọn lè ṣe. Èkejì kéré, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kíkún ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlà iwájú wọn sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ìyá Ọmọ Redshirt:

Àbúrò mi, o ti dáhùn ìbéèrè rẹ fúnra rẹ. Ọdún mẹ́jọ! Béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n ka orúkọ gbogbo ọmọ ìlà iwájú tí wọ́n gbà láti girama ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lónìí: ta ni ó ń gbá, ta ni ó kúrò, ta ni ó parí ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá kà á láìwo ìwé, ó jẹ́ pé wọ́n mọ àwọn ọmọ wọn. Kí o sì bá ọ̀kan nínú àwọn tó kúrò sọ̀rọ̀ bí o bá lè rí i, nítorí pé àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ kò ní lè sọ gbogbo nǹkan fún ọ.

Ẹ má gbàgbé ìwé. Ọmọ tó bá fẹ́ gbá ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, gbọ́dọ̀ ní kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ní girama pẹ̀lú máàkì tí kò rẹlẹ̀ ju 2.3 lọ, mẹ́wàá nínú kọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá. Kíláàsì kọkànlá ni tiyín wà. Ẹ ka ìwé rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ọmọ Atlanta:

Èmi náà fara mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kejì. Bó bá gbó dáadáa níbẹ̀, àwọn ńlá á wá a wá fúnra wọn, owó á sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò rí i pé portal wúlò?

Akọ́ni Ìlà Iwájú:

A rí i, ọ̀gbẹ́ni.

Arákùnrin Awòran, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó má ṣe gba basketball àti irin jíjù kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Ara tí èbà bá gbé wá ní oṣù mẹ́fà kò ní lè yí ẹsẹ̀ padà, a ó sì tún ní láti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ kó tó wúlò. Kí ó lọ sí ìpàgọ́ ìgbaradì ilé-ẹ̀kọ́ kejì yẹn ní oṣù Kẹfà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níṣojú ara wọn, kí ó sì bá àwọn ọmọ tó tóbi jù ú lọ jìjàdù, nítorí pé ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fojú ara rẹ̀ rí máa ń ju ìràwọ̀ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó pín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣèlérí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i nígbà tí àkókò bá tó ní oṣù Kejìlá ọdún tí yóò wà ní kíláàsì kejìlá.

Ohun kan tó kù ni ipò. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 4 lè kúrú díẹ̀ fún tackle ní ìpele gíga bí apá rẹ̀ kò bá gùn dáadáa, àmọ́ ó ga tó fún guard, ẹni tó ń dúró láàárín tackle àti center, ó sì ga tó fún center, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn sí quarterback, bíi ti Oluwatimi. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ kò pọ̀, ọmọ ìlà iwájú tó bá sì mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta láti wọ ikọ̀ dípò ọ̀kan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹnì kan dúró ní yáàdì márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ láti máa gbà á. Ẹ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi bí ó bá ti ṣe é fún oṣù kan.